Bí ẹ ṣe lè ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́ láti kúrò lórí ìwé oògùn bọ́ sórí kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Ilé ìwòsàn kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́, wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n ra sọ́fúwíà tó dáa gan-an, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ fọ́jọ́ méjì wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa tẹ̀ ẹ́, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta ìwé ti padà sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gbogbo. Ẹnikẹ́ni ò pe ìpàdé pé ká padà o, díẹ̀díẹ̀ ló ń padà. Mo wá lọ jókòó sí wọ́ọ̀dù kan lálẹ́ ọjọ́ kan kí n lè mọ ohun tó fà á. Mo rí nọ́ọ̀sì kan tó rìn lọ sídìí kọ̀ǹpútà tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró títí tó fi ṣí, ó wo iye oògùn tí aláìsàn máa lò, ó yọ báírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó wá rìn padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ló ti di ìwé oògùn wọn.

Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ pé ọwọ́ èèyàn loògùn ń gbà dé ẹnu aláìsàn, tí ẹ ò bá tíì mọ gbogbo ọwọ́ tó ń gbà kọjá, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá.

Iṣẹ́ náà tó ṣe o, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín. Dókítà tó fi ọwọ́ kọ "10U" fún ínsúlíìnì, ìyẹn yúníìtì mẹ́wàá, ẹni tó ń kà á lè rí U yẹn bí òdo, kó fún aláìsàn ní 100. Lọ́dún 1998 wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde láti Brigham and Women's Hospital ní Boston pé nígbà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn sórí kọ̀ǹpútà, àwọn àṣìṣe oògùn tó léwu dín kù ní 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè ńlá nìyẹn, àmọ́ kò wá fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ tẹ̀lé ìwé oògùn kan

Ẹ mú ìwé oògùn kan ṣoṣo kẹ́ ẹ máa tẹ̀lé e kiri, látìgbà tí dókítà ti ń kọ ọ́ títí dìgbà tí aláìsàn máa gbé oògùn náà mì. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì kẹ́ ẹ máa bi wọ́n léèrè o, ẹ dìde rìn. Ní ọ́fíìsì, ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa sọ fún yín, wọn ò purọ́, bí wọ́n ṣe rò pó rí nìyẹn. Ní wọ́ọ̀dù lẹ ti máa gbọ́ dókítà tó ń sáré lọ tó ń sọ pé "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún màmá bẹ́ẹ̀dì kẹrin lóògùn ìrora yẹn, mo ń bọ̀ wá kọ ọ́." Apoògùn máa pe wọ́ọ̀dù pé èyí tẹ́ ẹ kọ ti tán, ṣé ká fi tọ̀hún rọ́pò ẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà máa yọ ìwé pélébé kan lápò, oògùn tí wọn ò tíì rí fún aláìsàn ló ń kọ síbẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí nínú ìlànà tí wọ́n tẹ̀ sára ògiri, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń mú kí iṣẹ́ lọ.

Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, ẹ ṣe é lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ṣe é lóru pàápàá jù lọ torí òru ni òṣìṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Níbikíbi tí oògùn bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló fún ta, báwo lẹni yẹn ṣe mọ̀ pé ó ti dé, kí ló máa ń ṣe tó bá rú u lójú. Kẹ́ ẹ wá lajú dáadáa nígbà tí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé (ta ló ń bi í nípa oògùn tó ń lò nílé?), nígbà tí wọ́n bá ń gbé e láti wọ́ọ̀dù kan lọ sí òmíì, àti lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé. Àwọn ibi mẹ́ta yìí loògùn ti máa ń jábọ́.

Èmi máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì fún èyí. Àwọn ọ̀gá máa ń rò pé mò ń fi àkókò ṣòfò, mi ò kí ń dá wọn lóhùn.

Ta ló máa di iṣẹ́ náà mú

Ẹ má gbé e fún àwọn ará kọ̀ǹpútà nìkan. Dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, apoògùn kan, kí àwọn mẹ́ta yìí ní àṣẹ láti sọ pé rárá, kí ilé ìwòsàn sì dín iṣẹ́ wọn tó kù kù kí wọ́n lè ráyè. Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ fún pé kó máa ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́, kò ní ṣe é, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.

Ẹ wá àwọn dókítà àgbà lọ ní kùtùkùtù, kódà èyí tó ń kanra yẹn, òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ní Cedars-Sinai ní Los Angeles, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003 wọ́n ti dá a dúró torí àwọn dókítà fárí gá pé ó ń jẹ àwọn lákòókò jù. Ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn o, tó lówó tó sì ní èèyàn. Nǹkan míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá àwọn dókítà àgbà sọ ojú kojú ni ọ̀rọ̀ pásíwọọ̀dù. Tí ọ̀gá bá fún ọmọ iṣẹ́ ní pásíwọọ̀dù tiẹ̀ pé "bá mi tẹ̀ ẹ́", lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, orúkọ ọ̀gá ló wà níbẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹ̀rọ, wáyà àti bẹ́ẹ̀dì tó jìnnà jù

Èyí ò le, àmọ́ wọ́n máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ gbé tábìlẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà alágbèérìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì tó jìnnà jù ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo bóyá wáìfáì dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ tún ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbà kéèyàn tó wọlé sórí ẹ̀rọ, tó bá ti lé ní ọgbọ̀n, wọ́n máa fi sílẹ̀ ní ṣíṣí kí gbogbo èèyàn lè máa fi orúkọ ẹnì kan ṣiṣẹ́. Ẹ ka iye nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, ẹ̀rọ tó ń rìn gbọ́dọ̀ tó wọn, kì í ṣe pé kó "fẹ́rẹ̀ẹ́ tó." Ẹ wo bátìrì, ẹ wo ibi tí wọ́n á ti máa ṣájì ẹ̀. Ó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Pittsburgh ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn níbi yìí. Lọ́dún 2002 wọ́n tan ètò wọn káàkiri gbogbo ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá láti ibòmíì fún ìtọ́jú àkànṣe, iye tó ń kú kúrò ní 2.80 lọ sí 6.57 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n wá ìdí ẹ̀, wọ́n rí i pé tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ bá ṣì ń gbé ọmọ bọ̀ lọ́nà, dókítà ti máa ń kọ oògùn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á ti tò ó sílẹ̀ dè é. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó di dandan kí ọmọ dé kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè kọ ohunkóhun. Wọ́n tún kó oògùn kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀dì lọ sọ́dọ̀ àwọn apoògùn. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó dúró ti ọmọ wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn ọmọdé míì ní Seattle lo irú sọ́fúwíà kan náà lẹ́yìn náà, wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ lára ti Pittsburgh, ikú ò pọ̀ sí i lọ́dọ̀ tiwọn. Mo máa ń ka ìtàn méjèèjì fún àwọn ọ̀gá tó bá ń sọ pé ká ṣáà yára bẹ̀rẹ̀.

Àkójọ oògùn: ibí niṣẹ́ wà

Tí mo bá ní oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́ta ni màá lò síbí. Sọ́fúwíà tó bá dé sọ́wọ́ yín ò mọ oògùn tí ilé ìwòsàn yín ń lò, ẹ̀yin lẹ máa tò ó sínú ẹ̀, gbogbo àṣìṣe tẹ́ ẹ bá sì tò sínú ẹ̀ á máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lórí gbogbo aláìsàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn tó wà lórí pẹpẹ àwọn apoògùn gan-an, kì í ṣe ìwé àkójọ àtijọ́. Ẹ lo orúkọ oògùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti to parasitámọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́nà mẹ́rin tí ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ìkan náà ni, aláìsàn kan wá ń gba méjì pọ̀. Ẹ fi kóòdù tí ayé mọ̀ sára oògùn kọ̀ọ̀kan, bí ATC ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tàbí SNOMED CT, kó má baà jẹ́ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ ẹ̀rọ míì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òdo: ẹ ṣètò ẹ̀rọ kó má ṣe gbà kẹ́nikẹ́ni kọ 5.0, torí 50 lẹlòmíì máa rí, kó sì fi òdo síwájú dandan tó bá jẹ́ 0.5, torí .5 á di 5. "Yúníìtì" ni kó jáde lódindi lórí síkírìnì.

Ẹ wo ohun tó ń jáde téèyàn bá tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré. Ẹ tẹ "met" kẹ́ ẹ wò ó: metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, metronidazole fún kòkòrò, methotrexate tó lè pa èèyàn, gbogbo wọn tò léraléra, ọwọ́ á kàn yọ̀ díẹ̀ ni. Ọ̀nà kan ni kí ẹ̀rọ má ṣe gbé nǹkan kan jáde títí dìgbà tí lẹ́tà bá pé márùn-ún. Ọ̀nà míì ni lẹ́tà ńlá láàárín orúkọ bí hydrOXYzine àti hydrALAZINE, kí ojú lè tètè rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Methotrexate yìí náà, tí wọ́n bá ń lò ó fún oríkèé ríro, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Torí náà ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé "lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀" ló máa ń jáde fúnra ẹ̀, kí dókítà sì yan ọjọ́ náà, kẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ọ́ lójoojúmọ́ sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbà.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn kan ṣàlàyé bí bọ́tìnì kékeré ṣe lè ṣe nǹkan ńlá. Lọ́dún 2013, ní ilé ìwòsàn kan ní San Francisco, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan fẹ́ gba oògùn tó ti ń lò nílé, tábúlẹ́ẹ̀tì kan, mílígíráàmù 160. Ìwọ̀n ọmọ náà jẹ́ kílò 38.6. Síkírìnì wà lórí "mílígíráàmù fún kílò kan," dókítà rò pé orí "mílígíráàmù" lásán ló wà, ó tẹ 160. Ẹ̀rọ fi 160 sọ 38.6 di púpọ̀, ó di 6,176, èyí tó tó nǹkan bíi tábúlẹ́ẹ̀tì méjìdínlógójì ààbọ̀. Ìkìlọ̀ jáde, dókítà tẹ̀ ẹ́ kúrò. Ó tún jáde fún apoògùn, òun náà tẹ̀ ẹ́ kúrò. Róbọ́ọ̀tì tó ń di oògùn dì í bí wọ́n ṣe ní kó dì í. Ọ̀rọ̀ náà jọ nọ́ọ̀sì lójú, àmọ́ bákóòdù ní ó tọ̀nà, ó fún un. Gìrì mú ọmọ náà, Ọlọ́run bá a ṣe é ó yè é. Ẹ wò ó, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí síkírìnì wà ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ fi òpin sí iye oògùn: tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti kọjá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dúró gbagidi, kó má ṣe kàn kìlọ̀. Tí kò bá sí ìwọ̀n ọmọ lórí ẹ̀rọ, kó má gbà kí wọ́n kọ oògùn ọmọ. Kí iye tó ń bọ̀ sẹ́nu ọmọ hàn gàdàgbà, kì í ṣe iye fún kílò nìkan.

Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ẹ jẹ́ kí apoògùn méjì tí kò bá yín tò ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí.

Ìkìlọ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù

Àwọn tó ń ta sọ́fúwíà máa ń fọ́nnu pé tiwọn ní ìkìlọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ ní kí wọ́n pa á. Ìwádìí kan lọ́dún 2006 tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ rí i pé láàárín 49 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún ìkìlọ̀ ni àwọn dókítà ń tẹ̀ kúrò láìṣe nǹkan kan sí i. Èèyàn tó bá gbọ́ agogo lójoojúmọ́, etí ẹ̀ á di. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba: oògùn tí ara aláìsàn kọ̀, oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, iye tó kọjá òdiwọ̀n, àti oògùn méjì tí wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé lára rárá. Lóṣooṣù, ẹ yẹ àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ kúrò wò. Èyí tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ kúrò, ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Kí ìkìlọ̀ "ara rẹ̀ kọ̀ ọ́" sì tó wúlò, ó di dandan kí wọ́n kọ ohun tó ṣe é gan-an. "Pẹnisilíìnì" nìkan ò tó. Ṣé ọ̀fun ẹ̀ wú ni, àbí inú kàn rú u? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Kíkọ́ àwọn èèyàn

Kíláàsì inú gbọ̀ngàn, wọ́n á ti gbàgbé ẹ̀ kó tó di ọ̀la. Ẹ kọ́ wọn ní wọ́ọ̀dù tiwọn, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò, pẹ̀lú aláìsàn àròsọ tó jọ aláìsàn tiwọn: wọ́ọ̀dù ìbímọ, ẹ fún wọn ní aboyún, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, ẹ fún wọn lẹ́ni tí kò gbọ́dọ̀ jẹun láti òru. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó yá lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọ́ wọn jìn, kẹ́ ẹ rí i pé ìkan nínú wọn wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀dọ́ o. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí wọ́n ní kò mọ kọ̀ǹpútà ló padà di ẹni tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń sá tọ̀, torí tó bá ṣàlàyé nǹkan, ó máa ń yé wọn.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú

Ó máa kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń dá aláìsàn padà. Ẹ ṣètò kí kọ̀ǹpútà kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa gba àkójọ oògùn gbogbo aláìsàn pamọ́ sínú ara ẹ̀ ní wákàtí díẹ̀díẹ̀, kí pírínta wà lára ẹ̀, kí àwọn méjèèjì ní bátìrì tiwọn. Ẹ tọ́jú ìwé oògùn òfìfo sínú dúrọ́ọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ fi dánra wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, lóru, ẹ yọ wáyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ti sọ fún wọ́ọ̀dù ṣáájú. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá padà dé, ta ló máa tẹ ohun tí wọ́n ti kọ sórí ìwé padà sínú ẹ̀? Ẹ yan ẹni náà ṣáájú, tí ẹ ò bá yàn án, aláìsàn máa gba oògùn alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀

Wọ́ọ̀dù kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ti ọmọdé, kì í ṣe ti pàjáwìrì, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè. Ẹ mú wọ́ọ̀dù tí ọ̀gá ẹ̀ fẹ́ ẹ, tí aláìsàn ibẹ̀ sì máa ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí àwọn dókítà tuntun dé.

Gbígbé oògùn láti orí ìwé sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn léwu ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ẹnì kan á máa kà á sókè, ẹnì kejì á máa tẹ̀, ẹnì kẹta tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ á wá fi wé ìwé. Tí wọ́n bá ti gbé ti aláìsàn kan tán, wọ́n á fa igi gbọọrọ kọjá lórí ìwé náà, wọ́n á kọ aago tí wọ́n fà á, wọ́n á gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù pátápátá. Aláìsàn kan ò gbọ́dọ̀ ní oògùn lójú ìwé kó tún ní lórí ẹ̀rọ, kódà fún wákàtí kan.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ dáadáa wà ní wọ́ọ̀dù tọ̀sán-tòru. Kí ó dúró níbẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù. Nọ́ọ̀sì tó ní aláìsàn ogún níwájú kò ní ráyè pe ẹnikẹ́ni, báírò ló máa mú.

Lẹ́yìn tó bá ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ máa padà lọ. Lọ́dún 2005 ìwádìí kan láti ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà ka irú àṣìṣe 22 tí ètò orí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń ràn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ni pé dókítà lè ní láti ṣí síkírìnì tó tó ogún kó tó rí gbogbo oògùn aláìsàn kan. Ẹ máa wo iye oògùn tí wọn ò fún aláìsàn lásìkò, iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín kíkọ àti gbígbé oògùn àkọ́kọ́ mì, iye ìgbà tí wọ́n ṣì ń sọ oògùn lẹ́nu. Kẹ́ ẹ ti ka nǹkan mẹ́ta yìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí lẹ máa fi wé?

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn, tó ń kọ sórí ìwé pélébé tàbí tó ń lo pásíwọọ̀dù ẹlòmíì, ẹ má bú u. Ẹ bi í pé kí ló sú u. Ibi tí ẹ̀rọ ti burú ló ń fi hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Kẹ́ ẹ sì tọ́jú aláìsàn àròsọ mẹ́wàá sínú ẹ̀rọ ìdánwò: ọmọ ọwọ́ kan, arúgbó tí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, aboyún, ẹni tí ara ẹ̀ kọ̀ pẹnisilíìnì, ẹni tó ń lo methotrexate lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń gba ínsúlíìnì, kẹ́ ẹ fi àwọn tí wọ́ọ̀dù yín máa ń rí jù kún un. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn tó ni sọ́fúwíà bá ti tún nǹkan ṣe sí i, bó ti wù kó kéré mọ, kí apoògùn kan àti nọ́ọ̀sì kan kọ oògùn fún àwọn mẹ́wàá yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ohun tó jáde àti ohun tó kọ̀ láti jáde, kí wọ́n tó jẹ́ kó dé wọ́ọ̀dù.